Ọ̀nà Tí Lágbàyí Là Nínú Ọyẹ́

Ní ẹ̀yìn odi ìlú Ìmójò, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìta-Àfọ̀n. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe onílẹ̀. Ogun ló kó wọn jọ. Ẹni kan ti ibí wá, ẹlòmíràn ti ọ̀hún wá, kálukú sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi àfọ̀n ńlá kan, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì díẹ̀ kí òun tó máa lọ. Fífẹ̀yìntì náà di ilé, ó di ọmọ, ó di ọmọ-ọmọ. Nígbà ọyẹ́, bí ènìyàn bá dúró sórí odi ìlú tó wo apá ibẹ̀, kò ní rí nǹkan kan ju kùrukùru funfun lọ, àti orí igi àfọ̀n náà tó yọ jáde láàárín rẹ̀. Àwọn ará ìlú a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú àlá ni wọ́n ń gbé. Kì í ṣe irọ́ pátápátá ni wọ́n ń pa.

Lágbàyí ni olórí wọn. Àgbà ọkùnrin ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú. Nígbà tó wà ní géńdé, ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, láti ọjọ́ náà sì ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Bó bá ń rìn, òsì ló máa ń tẹ̀ sí, bí ẹni tí ọmọ kékeré ń fà láṣọ. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún Lágbàyí pé ó ń tẹ̀? Ó ti ṣe olórí Ìta-Àfọ̀n fún ogún ọdún ó lé mẹ́rin. Òun ló ń parí ìjà wọn, òun ló ń pín ilẹ̀ oko fún wọn, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún wọn láàfin. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀, ó sì mọ méjèèjì.

Ohun kan ló ń kọ ọ́ lóminú. Ìta-Àfọ̀n kò ní ìdílé olóyè kankan tí wọ́n lè ti mú olórí bí òun bá kú. Ní ọjọ́ kan, ó wọ agbádá rẹ̀, ó lọ bá ọba.

"Kábíyèsí," ó ní, "mo ti ń darúgbó. Amọ̀kòkò ni àwọn ènìyàn mi, ahunṣọ ni wọ́n, adẹ́mu ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ẹni tó bá fẹ́ nínú wọn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, kí wọ́n mọ bí a ti ń tọ́jú àdúgbò, kí ilé má baà dà rú lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ìjòyè lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Lágbàyí, ṣé bí ẹní kọ́ aṣọ híhun ni wọ́n ṣe ń kọ́ olórí ṣíṣe ni? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e wá!"

Ọba kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fún un lọ́dún mẹ́ta. Bó bá di ọyẹ́ ọdún kẹta, ẹ rán ènìyàn lọ wo ohun tí wọ́n lè ṣe. Bí wọ́n bá ṣe é yọrí, gbogbo àdúgbò ìlú yìí ni yóò kọ́ ọ. Bí wọn ò bá ṣe é yọrí, ẹ gba ọ̀pá olórí lọ́wọ́ Lágbàyí, kí Ìta-Àfọ̀n sì bọ́ sábẹ́ Ìta-Olóde."

Ìta-Olóde ni àdúgbò tó múlé gbè wọ́n. Olórí ibẹ̀ kì í pe ará Ìta-Àfọ̀n lórúkọ mìíràn ju àjèjì lọ. Nítorí náà, kí Lágbàyí tó délé lọ́jọ́ yẹn ni àyà gbogbo wọn ti ń já.

Àwọn méje ló jáde pé àwọn fẹ́ kọ́ ọ. Méjì nínú wọn ni ìtàn yìí kàn jù. Ẹfúnyẹmí ni ìkínní, opó kan tó ń mọ ìkòkò, tí amọ̀ kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá kí i láàárọ̀, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n yóò dá yín lóhùn. Èkejì ni Ọnàwùmí, ahunṣọ, tí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Bí ọ̀kọ̀ òwú ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí òfì ni ẹnu rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀.

Ọ̀nà tí Lágbàyí fi ń kọ́ wọn, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àwọn méjèèje á jókòó sábẹ́ igi àfọ̀n, ẹni tó bá ní ẹjọ́ á gbé e wá. Kí olùfisùn tó la ẹnu, Lágbàyí á gbé agbè omi dìde, á bu omi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n gbà á sẹ́nu. Wọn ò gbọdọ̀ gbé e mì. Wọn ò gbọdọ̀ tu ú dànù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe jókòó títí àwọn méjèèjì tó ń jà á fi rò kalẹ̀ tán.

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣolórí," Lágbàyí a máa wí, "kó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń dákẹ́. Ẹnu tó bá kún fómi kò lè já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀."

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, obìnrin méjì gbé ẹjọ́ adìẹ kan wá. Ìkínní ló ni adìẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ ibùsùn èkejì ló ń yé sí, èkejì sì ń jẹ ẹyin náà. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ń jẹ ẹyin tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní owó ilé lòun ń gbà lọ́wọ́ adìẹ. Ẹ̀rín gbá Ọnàwùmí, omi ẹnu rẹ̀ sì fọ́n sí olùfisùn lójú àti sí àyà. Wọ́n lé e lọ sílé. Ó padà wá nígbà tó ṣe, ó tọrọ àforíjì, ó sì gba omi sẹ́nu.

Nígbà tó fi máa tó ọdún méjì, ẹ̀kọ́ náà ti so èso. Àwọn tó ń gbé ẹjọ́ wá rí i pé nígbà tí ènìyàn méje bá gbé omi sẹ́nu tí wọ́n ń woni lójú, irọ́ a máa nira láti pa. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ariwo, á wá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun jẹ̀bi. Nígbà ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo abẹ́ igi náà, ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní gbọ́ nǹkan kan ju ohùn ẹnìkan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ tó yí ohùn náà ká. Ó dùn létí. Àwọn ènìyàn a máa dúró láti gbọ́ ọ láìmọ ohun tí wọ́n ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó dá a sílẹ̀ kò sì rí i. Lágbàyí kọ́ wọn bí a ti ń gbé omi sẹ́nu. Kò kọ́ wọn ní ìgbà tó yẹ ká tu ú dànù.

Ọyẹ́ ọdún kẹta dé. Odò kékeré tí wọ́n ń pọn gbẹ, bó ti máa ń gbẹ lọ́dọọdún. Lágbàyí ní òun ti mọ iṣẹ́ tí àwọn máa fi han ọba. Ìsun omi kan wà lẹ́sẹ̀ òkè lọ́nà jíjìn, tí kì í gbẹ láéláé. Òun àti ìyá òun ló mu níbẹ̀ nígbà tí ogun ń lé wọn bọ̀, òun ò sì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ ti di igbó láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n òun ń lá àlá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni òun ń lá a. Nínú àlá náà, ìyá òun á máa lọ níwájú pẹ̀lú agbè lórí, koríko á sì máa yà fún un fúnra rẹ̀.

"A óò la ọ̀nà tààrà lọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin," ó ní. "Èmi ni n ó máa lọ níwájú. Ẹ̀yin méje ni kí ẹ máa darí àwọn ènìyàn lẹ́yìn mi. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún, tí ìránṣẹ́ ọba bá dé, omi tútù la máa fi kí i káàbọ̀."

Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ogójì ènìyàn ló mú àdá, ọkọ́ àti oúnjẹ tí wọ́n á fi sùn nínú igbó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá igi àfọ̀n, ilé wọn ń bẹ lọ́wọ́ òsì wọn. Koríko ga ju ènìyàn lọ, ó gbẹ, ó ń dún ṣàràṣàrà. Ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò fi lè rí ju ẹni mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Oòrùn wà lójú ọ̀run lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ràn bí òṣùpá, kò sì sẹ́ni tó lè fi í mọ ìlà oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀. Ìró àdá ń lọ, ohùn ń bọ̀ láti ibi tí èèyàn kò retí. Wọ́n ní ó dà bíi pé inú àlá ẹlòmíràn làwọn bá ara àwọn tí àwọn sì ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Níwájú, Lágbàyí ń lọ, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì ń fà á díẹ̀díẹ̀.

Ọnàwùmí ló kọ́kọ́ fura. Ẹni tó bá ti hun aṣọ fún ogún ọdún, òwú kan kò lè yẹ̀ lójú rẹ̀ kó má mọ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó láti jẹun lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rí i pé ọ̀nà náà ti wọ́.

"Ìyá wa," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Ẹfúnyẹmí, "ọ̀nà yìí ń wọ́ lọ sósì."

Ẹfúnyẹmí bu iṣu sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán. "Mo ti rí i láti àárọ̀."

"Ta ló máa sọ fún Baba?"

"Ìwọ lo lẹ́nu."

Ọnàwùmí wo iwájú, níbi tí Lágbàyí ti ń rẹ́rìn-ín sí kùrukùru. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn márùn-ún yòókù náà rí i. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi kọ́ bí a ti ń dákẹ́ níwájú Lágbàyí, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn méjèèje padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń la ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ pé kò tọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, àkùkọ kọ níwájú wọn.

"Abúlé kan wà lẹ́bàá ìsun náà!" Lágbàyí pariwo. "Ẹ ò gbóòórùn ẹ̀kọ ni? Wọ́n ti jí, wọ́n ń dáná!" Ó fi àdá rẹ̀ ya koríko tó kù, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, ó tẹ àpáàdì. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ eérú. Orí àkìtàn ló bọ́ sí. Ìyàwó rẹ̀, Àṣàkẹ́, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ pàǹtí lọ́wọ́.

"Baba, ẹ káàbọ̀ o," Àṣàkẹ́ ní, ó kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti dé ìsun náà ni? Ẹ̀yìnkùlé lẹ mà gbà wọlé."

Ogójì ènìyàn jáde nínú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ nu ojú, wọ́n ń wo ilé olórí wọn. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Nínú ẹ̀rín náà ni ohùn kan ti sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ohùn náà títí di òní: "Àbí Baba ti ń ya wèrè ni?"

Ẹ̀rín dá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ará Ìta-Olóde kan tó wá ra ìkòkò ti gbọ́, kò sì dúró ra ìkòkò mọ́. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ọ̀rọ̀ ti dé ààfin pé Lágbàyí ya wèrè, ó kó ogójì ènìyàn yípo fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kó wọn wá sórí àkìtàn ara rẹ̀. Àwọn ìjòyè ní ṣebí àwọn ti wí. Wọ́n ní kí ìlàrí kan, ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀, má wulẹ̀ dúró di ọjọ́ karùn-ún. Kó lọ gba ọ̀pá náà wá lójú ẹsẹ̀.

Lágbàyí jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀. Ó pe àwọn méjèèje.

"Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà náà ń wọ́?"

"A rí i, Baba," Ẹfúnyẹmí dáhùn.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ọnàwùmí, tí ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ló sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Baba."

Ó dun arúgbó náà ju ẹ̀rín lọ. Ó ṣì jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yẹ̀ lórí, nígbà tí òórùn kan dé. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn ìdáná kọ́. Láti ìlà oòrùn, inú kùrukùru ti bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Àwọn ọdẹ ọ̀nà jíjìn ti dáná sungbó nítorí ẹran, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì gbé iná náà, ó ń gbé e bọ̀ wá sí Ìta-Àfọ̀n, tí gbogbo òrùlé rẹ̀ jẹ́ koríko. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, irú iná bẹ́ẹ̀ jó àká méjìdínlógún níbẹ̀, ó sì pa ìyá arúgbó kan. Kò sẹ́ni tó gbàgbé.

Lágbàyí fò dìde. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ padà wá. "Ẹ gbé ìkòkò! Ẹ gbé agbè! Ẹ sáré lọ sódò, ẹ bu omi wá!"

Àwọn ènìyàn sáré gbé ìkòkò. Wọ́n mọ̀ pé odò ti gbẹ. Òun náà mọ̀ ọ́n, ìbẹ̀rù ló gbé e gbàgbé. Síbẹ̀ wọ́n gbé ìkòkò, nítorí Lágbàyí ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń ké, ẹni ogún ti kọrí sí ọ̀nà odò.

"Baba, ẹ dúró!"

Ẹfúnyẹmí ni. Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń sáré fi dúró, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ kí obìnrin náà pariwo rí. Ó kúnlẹ̀ lórí eérú náà, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Baba. Mo tu omi ẹnu mi dànù lónìí. Kò sí omi lódò. Bí a bá lọ síbẹ̀, ká tó dé ilé wa á ti di eérú. Ọ̀nà tí ẹ là yẹn, ẹ wò ó. Ó yí wa ká. Bí mo bá fẹ́ mọ ìkòkò, mo máa ń ká amọ̀ yípo ni kí n tó mọ ọ́n sókè; ohun tí mo bá ká amọ̀ yí ká ti di tinú ìkòkò nìyẹn. Ilé wa ló wà nínú ọ̀nà yìí. Igbó ló wà níta rẹ̀. Iná kì í jẹ ilẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ ká gbá gbogbo koríko tí a ṣá kúrò lójú ọ̀nà, ká sun tìta kí iná ọ̀hún tó dé, kó má rí nǹkan jẹ."

"Ojú ọ̀nà náà kò pàdé o!" Ọnàwùmí kígbe. "Láti àkìtàn yìí dé ibi igi àfọ̀n tí a ti bẹ̀rẹ̀, koríko ṣì wà níbẹ̀. Níbi tí òwú kò bá ti so mọ́ra ni aṣọ ti ń ya. Ibẹ̀ ni iná máa gbà wọlé!"

Gbogbo ojú yí sí Lágbàyí. Lójú gbogbo àdúgbò ni obìnrin kan ti dá a dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n pè é ní wèrè. Bó bá sọ pé kí wọ́n lọ sódò, wọ́n á lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo Ẹfúnyẹmí lórí ìkúnlẹ̀, ó wo amọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tó jí lójú oorun tó ti ń sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó na ọ̀pá olórí sí i.

"Dìde. Fi èyí tọ́ka ibi tí kálukú máa lọ." Ó yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ohun tó wí ni kí ẹ ṣe. Ẹ fún èmi náà ní ìgbálẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdàrúdàpọ̀ ti ń di iṣẹ́, kó bi àwọn tó wà ní Ìta-Àfọ̀n lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèje pín ara wọn yí ọ̀nà náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó ènìyàn tirẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí "ta ló fi ọ́ ṣe é?" Ọnàwùmí kó àwọn tirẹ̀ lọ sí ẹ̀bá igi àfọ̀n, wọ́n ń hú koríko tó kù pẹ̀lú ọwọ́ lásán nígbà tí àdá kò tó. Àwọn arúgbó ń gbálẹ̀. Àwọn ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn ń gbálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n mọ bí a ti ń bá iná sọ̀rọ̀, dáná sí etí ìta ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ewé tútù pa ohun tó bá fẹ́ yà wọlé. Láàárín wọn, ọkùnrin kan tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ ọba sórí igi, ó ń gbálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé.

Lẹ́yìn náà ni iná ńlá dé. Àwọn ẹyẹ ló ṣáájú rẹ̀, wọ́n fò kọjá lórí wọn láìdún. Àwọn ọ̀yà sáré gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì wò wọ́n. Eérú dúdú ń já bọ́ láti òkè bí ìyẹ́ adìẹ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń bà lé orí, ó ń bà lé èjìká. Gbogbo ayé pọ́n, ó sì gbóná, ó sì rẹwà lọ́nà kan tí ẹ̀rù fi ba ènìyàn. Iná náà dé etí ibi tí wọ́n ti sun, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ọ̀nà àbáwọlé bí àlejò tí onílé kò dá lóhùn. Ó yí àdúgbò náà po. Nígbà tó yí i po tán tí kò rí oúnjẹ, ó jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kú.

Kò sí òrùlé kan tó jó. Níta ọ̀nà náà, gbogbo ilẹ̀ dúdú kirikiri títí ojú fi lè ríran dé. Nínú rẹ̀, àkùkọ kan jáde, ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀, ó sì ń jẹ̀ kiri.

Ìlàrí nu eérú kúrò lójú, ó wọ aṣọ rẹ̀ padà, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún Lágbàyí, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

"Baba, ẹ kú ewu. Wọ́n ní kí n wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní orí yín ti dàrú, wọ́n ní ẹ ò mọ ọ̀nà odò mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lónìí yàtọ̀. Ṣé ẹ ti mọ̀ pé iná ń bọ̀ lẹ fi la ọ̀nà náà yípo?"

Ọnàwùmí ń mi orí sí Lágbàyí pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àṣàkẹ́ di ọwọ́ mọ́ àyà. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, orúkọ Lágbàyí á là, ọ̀pá á wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa kì í ní aríran títí ayé. Kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́.

Lágbàyí mi kanlẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi. Mo ṣìnà ni. Mo gbé àlá mi síwájú, mo ń tẹ̀ lé e, mo sì kó ogójì ènìyàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí rí i láti ọjọ́ kìn-ín-ní, èmi ni mo ti kọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi lè sọ fún mi. Nígbà tí iná sì dé, odò tó ti gbẹ ni mo ní kí wọ́n sáré lọ. Amọ̀kòkò yìí ló dá mi dúró. Ahunṣọ yìí ló rí ibi tí iná ìbá gbà wọlé. Ọgbọ́n tí o rí lónìí kì í ṣe tèmi, tiwọn ni. Tèmi kò ju pé mo gbà á lọ́wọ́ wọn." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Bó bá jẹ́ pé mi ò gbà á ni, ohun tí wọ́n ń pè mí láàfin ni ǹ bá jẹ́ títí n ó fi kú. Ọ̀pá náà nìyẹn lọ́wọ́ Ẹfúnyẹmí. Bí o bá fẹ́ gbà á, gbà á."

Ìlàrí wo ọ̀pá náà lọ́wọ́ obìnrin tí eérú bò láti orí dé ẹsẹ̀. Kò gbà á. Ó dìde, ó sì gba orí ilẹ̀ dúdú náà padà lọ sí ìlú.

Ọba àti àwọn ìjòyè ti ń retí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó dé lọ́wọ́ òfo, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè bi í pé, "Ọ̀pá ń kọ́? Ṣé arúgbó náà ò wá ya wèrè mọ́ ni?"

Ìlàrí dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ó kù díẹ̀ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ti là tán. Ọgbọ́n àwọn ẹlòmíràn, tó gbà lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ayé, ni kò jẹ́ kí n lè pè é."

Ọba ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ìmójò yan ènìyàn méje, amọ̀kòkò, ahunṣọ, ẹnikẹ́ni tó bá wù wọ́n, kí wọ́n rán wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìta-Àfọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń rí ọ̀rọ̀ ìlàrí náà pa lówe pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.